Màmá Arvilla Sampson, Tó Ní Kí Ẹja Àkọ́kọ́ Máa Lọ

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1936 ni wọ́n bí ìyá wa ọ̀wọ́n, Arvilla Sampson, ní abúlé Hokwit, létí odò Tsamish, ní ìpínlẹ̀ Washington. Bàbá wọn ni Olóògbé Everett Charley, apẹja tó ní àwọ̀n tí kò ní ẹja. Ìyá wọn ni Olóògbé Philomena, ọmọ ìdílé tó ń ṣètò àpèjẹ ẹja láti ìran dé ìran. Kí wọ́n tó bí Màmá ni ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná kan ti kọ́ dáàmù, odi ńlá tó dínà odò, sísàlẹ̀ abúlé wa, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà, ẹja sámọ́nù tó bá ti inú òkun gòkè bọ̀, ara odi ló ń kú sí.

Ní ọdún 1943, ìjọba mú Màmá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń na ọmọ tó bá sọ èdè ilé rẹ̀. Wọ́n kàwé dé ìwé kẹjọ. Èdè ilé kò kúrò lẹ́nu wọn.

Ọdún 1956 ni wọ́n fẹ́ bàbá wa, Leland Sampson. Kí a má tan ara wa jẹ: iṣẹ́ ṣíṣí àti títì ìlẹ̀kùn omi dáàmù yẹn gan-an ni Bàbá ṣe fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Owó rẹ̀ ló tọ́ gbogbo wa. Láràárọ̀ ni Màmá ń di oúnjẹ ọ̀sán fún wọn, tí wọ́n á sì ní: “Bàbá Rowena, ẹ bá mi kí odi yẹn. Ẹ sọ fún un pé èmi ni mo máa sin ín.”

Láti 1960 sí 1994, Màmá ń se oúnjẹ fún ọmọ ilé ìwé abúlé wa. Ọmọ ìjọ tó dúró ṣinṣin ni wọ́n, wọn kò sì jẹ́ kí àṣà ìdílé wọn kú. Nínú àṣà wa, ẹja tó bá kọ́kọ́ dé lọ́dún, ẹnikẹ́ni kì í jẹ ẹ́. À ń jẹ́ kó kọjá, kí àwọn yòókù lè mọ̀ pé a ò ní ojúkòkòrò. Ọdọọdún ni wọ́n ń gbàdúrà létí odò tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ní 1979, àbúrò wọn, Àǹtí Bernadine, rò ó pé kí àpèjẹ má baà ṣófo, ni wọ́n bá ra sámọ́nù inú agolo wá. Odidi oṣù mẹ́rin ni Màmá kò fi bá wọn sọ̀rọ̀. Àǹtí wà láàárín wa lónìí, ẹ máa wojú wọn.

Láti 1981 ni Màmá ti ń kọ lẹ́tà, tí wọ́n ń lọ sípàdé àti ilé ẹjọ́. Níbi ìpàdé ọdún 1996, ọ̀gá kan láti ilé-iṣẹ́ iná náà sọ pé ẹja ti gbàgbé ọ̀nà Hokwit. Bàbá wa, tó ti fẹ̀yìn tì, dìde. Wọ́n ní odi náà ti sán, pé àwọn fúnra àwọn ni àwọn ń fi símẹ́ńtì dí i, pé kí wọ́n wó o. Màmá sunkún lọ́jọ́ náà. Bàbá papòdà ní 2003, wọ́n sì wó dáàmù náà ní 2022.

Nígbà tí àìsàn dé ní 2024, nǹkan kan ṣoṣo ni Màmá béèrè: kí àwọn jẹ sámọ́nù odò Tsamish kí àwọn tó kú. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹsàn-án, ẹja kan dé Hokwit. Ẹ̀gbọ́n wa Rowena fi àwọ̀n gbé e, ó gbé e tọ Màmá lọ létí omi. Gbogbo wa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ ẹ́, pé àṣà á foríjì wọ́n. Màmá fọwọ́ pa á lórí.

“Ebi ò pa mí tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa lọ.”

A dá a padà sómi. Inú bí àwọn kan nínú wa. Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà ni Màmá dákẹ́ láìtọ́ ọ wò, ní ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, odò kún fún ẹja.

Màmá fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀, Rowena, Dorrance àti Lucinda, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án, ọmọ ọmọ-ọmọ mẹ́rin, àti Àǹtí Bernadine.

Sámọ́nù odò wa la ó jẹ lẹ́yìn ìsìn yìí. A ó bu ti Màmá kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n máa ń sọ fún òkú pé ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́run ni kó bá wọn jẹ. Màmá, ẹ jẹ tiwa yìí ná. Kí ẹ wá sùn un re o.