Wọ́n Ní Kí N Kọ Ọ́ Pé Gáádínà Ni Yín

Bàbá mi, ẹni tí kì í tẹ koríko láìnídìí,

Ó ti di ọdún méjì tí ẹ ti lọ, bàtà yín ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn nílé wa ní Mamobi. Màámi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e. Ẹrẹ̀ pápá gọ́ọ̀fù ti gbẹ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Tí mo bá ń gbálẹ̀, ńṣe ni mo máa ń gbá a yí bàtà náà ká.

Ìròyìn tí mo mú wá yìí á kọ́kọ́ pa yín lẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso gọ́ọ̀fù ní ẹkùn wa, tàwọn tó ń gbá a fún fàájì, àwọn tó kọ̀ láti fún yín ní nọ́ńbà, ti kọ̀wé sí mi. Wọ́n fẹ́ fi yín ṣe ọmọ ẹgbẹ́ ọlọ́lá. Wọ́n ní kí n wá síbi àpèjẹ ọdọọdún wọn ní Sátidé tó kọjá, kí n wá gba gíláàsì kan tí wọ́n kọ orúkọ yín sí, kí n sì bá wọn ya fọ́tò.

Ṣé ẹ rántí iṣẹ́ tí wọ́n ní àwọn ń ṣe? Àwọn ló ń tọ́jú òfin. Àwọn ló ń yan ẹni tó máa ṣojú ẹkùn wa. Àwọn náà ló ń fún olúkúlùkù ní nọ́ńbà, iye tí wọ́n á yọ kúrò nínú iye ìgbà tó gbá bọ́ọ̀lù, kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ́ lè bá ọ̀jáfáfá díje láìsí ìrẹ́jẹ. Iṣẹ́ tó dára ni, lórí ìwé. Èyí tí mo rí ni pé wọ́n ń wọ kóòtù nínú ooru Accra, wọ́n sì ń jiyàn lórí àwọ̀ táì. Alága wọn fún ara rẹ̀ ní nọ́ńbà ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá, ó fi gba fìríìjì níbi ìdíje. Ẹ̀yin tí ẹ gbé àpò ọ̀pá rẹ̀ tẹ̀ lé e lórí pápá fún ọdún mọ́kànlá mọ bó ṣe ń gbá a. Kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni?

Ọjọ́ Mọ́ńdè nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kí ẹ̀yin agbápò gbá bọ́ọ̀lù, torí àwọn ọ̀gá kì í wá lọ́jọ́ náà. Ọ̀pá mẹ́ta lẹ ní, ẹ fi rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ wé ọwọ́ ọ̀kan. Alága ní mẹ́rìnlá, ẹ sì ń gbá a jù ú lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, Àtàá Tetteh tí ẹ jọ ń gbé àpò kó àwọn káàdì Mọ́ńdè yín, tí ẹ ń kọ iye tí ẹ gbá sí, wá fún mi nínú agolo mílíìkì.

“Ọmọ Alata, gbà,” ni wọ́n wí, bí wọ́n ṣe máa ń pe àwa Yorùbá. “Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Òótọ́ bàbá ẹ kò jẹ́ ká sinmi.”

Ìrẹsì ni mo rántí. Nígbà ọyẹ́ kan, wọ́n fi àpò ìrẹsì kan ṣe ẹ̀bùn fún agbápò tí iye ìgbà tó gbá bọ́ọ̀lù bá kéré jù. Ẹ ti borí tán kí ẹ tó lọ sọ pé bọ́ọ̀lù yín mì nínú koríko bí ẹ ṣe gbé ọ̀pá tì í, pé kí wọ́n ka ẹyọ kan kún tiyín. Ìrẹsì gba ọ̀nà àdúgbò Alajo lọ, sílé ẹlòmíì. Màámi ti fọ ìkòkò sílẹ̀.

“Ta ló rí yín?” ni wọ́n bi yín.

“Èmi.”

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bínú sí yín.

Nígbà tí ẹ wá ní kí n bá yín kọ̀wé béèrè nọ́ńbà, wọ́n dáhùn pé ẹni tó ń gbé àpò gbowó kì í ṣe ẹni tó ń gbá a fún fàájì, pé òfin ló wí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbà. Ẹ ká lẹ́tà náà sábẹ́ ìrọ̀rí yín.

Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá láti gba fọ́ọ̀mù ọmọ ẹgbẹ́ ọlọ́lá náà. Ìwé òfin wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í wá. Wọn kò já a rí. Mo fi èékánná já a, mo jókòó kà á níwájú akọ̀wé wọn. Bàbá mi, kò síbì kankan tí òfin ti bá agbápò wí. Ẹni tó bá ń gbowó torí bọ́ọ̀lù tó gbá ló ń bá wí.

“Mádàámù, ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn,” ni akọ̀wé wí, ó na fọ́ọ̀mù sí mi. Níbi iṣẹ́ olóògbé, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ dè mí: gáádínà. “Kí wọ́n má bàa bi wá pé kí ló dé tá ò gbà á nígbà yẹn. Ẹ ṣáà buwọ́ lù ú. Ta ló máa mọ̀?”

“Èmi.”

“Chale, ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀yin Anago lágídí.”

Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo tún wo fọ́ọ̀mù náà, torí mo ti rí ọ̀rọ̀ gáádínà yẹn rí. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyí. Nígbà tí mo wà nílé-ìwé ní Adabraka, wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù, wọ́n béèrè iṣẹ́ bàbá. Àwọn ọmọ kíláàsì mi, bàbá wọn ló ni àwọn àpò tí ẹ ń gbé. Ojú tì mí. Mo kọ gáádínà. Ẹ kò mọ Gẹ̀ẹ́sì kà, ẹ ní kí n kà á fún yín, mo sì ka agbápò síta. Ẹ buwọ́ lù ú. Ọwọ́ yín kò ti irọ́ mìíràn lẹ́yìn láyé yín, ọmọ yín ló sì fà á lé yín lọ́wọ́.

Mo fa ìlà pa gáádínà lórí fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ náà, mo kọ agbápò sí i, mo buwọ́ lù ú. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ránṣẹ́ pé kò sí àyè lórí ètò ọdún yìí. Èmi àti Màámi jẹ wáákyé, ìrẹsì àti ẹ̀wà, nílé ní Sátidé. N kò jẹ wọ́n ní gíláàsì, wọn kò jẹ mí ní fọ́tò.

Ẹnikẹ́ni kò rí mi lọ́jọ́ tí mo kọ ti ilé-ìwé yẹn. Èmi rí i. Ẹ bá mi ka ẹyọ kan kún tèmi.

Èmi ni, ọmọ yín, tó ń gbálẹ̀ yí bàtà yín ká.