Mo Ti Lọ Fi Ibùba Ìkookò Hàn Wọ́n

Olówó orí mi,

Ẹ kú àbọ̀. Oúnjẹ yín wà nínú ìkòkò, ẹ gbé e kaná díẹ̀. Màmá yín ti lo oògùn wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ ọ̀rọ̀ yìí létí wọn.

Ìkookò bu ọmọ télọ̀ jẹ nídìí ẹ̀rọ omi láàárọ̀ yìí. Ìborùn mi la fi di apá ọmọ náà kí wọ́n tó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ó ṣì ń mí, àmọ́ dókítà ò tíì sọ nǹkan kan nípa apá yẹn.

Àdúgbò gbaná. Mo sọ ohun tí ẹ máa ń sọ fún wọn, pé ẹranko ò wá bá wa, àwa la kọ́lé sójú ọ̀nà rẹ̀. Télọ̀ wò mí, ó ní, "Ìyàwó ẹ̀ṣọ́ igbó, tó bá jẹ́ ọmọ tìẹ ńkọ́?"

Wọ́n ti gbé májèlé dání, wọ́n fẹ́ dà á káàkiri igbó. Ẹ mọ̀ pé kò ní ku ẹyẹ kan. Ni mo bá ní kí wọ́n gbé e sílẹ̀, pé mo mọ ibi tí èyí tí wọ́n ń wá ń sùn.

Ẹ má tẹ̀ lé wa. Mi ò tọrọ àforíjì torí pé wọ́n fẹ́ pa á. Ohun tó ń dùn mí ni pé lọ́jọ́ tí a dùbúlẹ̀ sínú koríko tí à ń wò ó, ẹ ní kò sẹ́lòmíì tí ẹ lè fi ibẹ̀ hàn.

Ìyàwó yín.