Ènìyàn Márùn-ún ní Ilé Kẹrìnlá

Lẹ́bàá odò Wainibuka,
Ọjọ́bọ̀.

Vasiti ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé ò ń jẹun? Ṣé o ò fi àìgbọràn dà àǹtí rẹ láàmú? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ adìyẹ nínú òjò yóò máa ṣọ́ ọ ní ìlú Suva níbẹ̀. Gbogbo wa wà láyé. Mo fi ìyẹn ṣáájú torí mo mọ̀ pé o ti gbọ́ ìròyìn omíyalé wa lórí rédíò, kí àyà rẹ má baà já bí tèmi ṣe já.

Lóṣù tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mú fọ́ọ̀mù wá, pé ká kọ orúkọ àwọn ará ilé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọn yóò wá bí odò bá kún. Èmi tí mo kàwé dé ilé ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n ní kí n kọ ọ́ fún gbogbo abúlé. Fún ilé tiwa, mo kọ márùn-ún: bàbá rẹ, èmi, ìyá àgbà, Ilaitia àbúrò rẹ, àti ìwọ. Ẹní rẹ ṣì wà ní igun ilé, ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé e. Ìyá wo ló máa dárúkọ ọmọ tí yóò fo ọ̀kan?

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òjò ti ń rọ̀ lórí òkè láti àárọ̀, ni fóònù mi bá dún. Ẹnì kan ní ọ́fíìsì ojú ọjọ́ kọ̀wé pé àgbàrá ń bọ̀, ká gun òkè lójú ẹsẹ̀. Mo dá a lóhùn pé a dúpẹ́ o, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, mo sì jókòó dúró dè é, torí a kì í kẹ̀yìn sí ẹni tó kìlọ̀ fúnni láìdágbére. Ìyá àgbà ní ṣé omi á dúró kí n kí ẹbí oníwèé náà tán ni, pé kí n gbéra ńlẹ̀. A pa iná mànàmáná, a kó ìwé ọjọ́ ìbí sínú ọ̀rá, a gun òkè lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Kò tó wákàtí kan tí omi fi wọ ilé wa.

Bí a ṣe ń wọlé là ń dárúkọ, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó wọ ẹ̀wù òjò sì ń fàlà sí orúkọ wa lórí fọ́ọ̀mù tí mo kọ. Ìgbà tó ṣe, ó kígbe pé ilé kẹrìnlá kò pé, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan ṣẹ́kù sínú omi. Àwa tí à ń fi orúkọ ìpìlẹ̀ pe ilé láti ayé àwọn bàbá wa, ta ló mọ nọ́ńbà tí ìjọba fún un?

Vasiti, mo sunkún! Mo gbé ìkòkò tíì kalẹ̀, mo ń ké pé ó mà ṣe fún ìyá ọmọ náà o. Ìyá àgbà ní irú ìyá wo ló ń gbàgbé ọmọ sínú omi, pé pàṣán ló yẹ ẹ́. Bàbá rẹ so okùn mọ́ ìdí, ó ní ọmọ ọlọ́mọ kò ní ṣòfò lójú òun, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi afárá pẹlẹbẹ. Mo wá bi òṣìṣẹ́ náà pé kí lorúkọ ọmọ, kí n lè fi gbàdúrà fún un. Ó wo ìwé, ó ní Vasiti.

Mo figbe ta. Mo sáré dé etí odò, mo ń pariwo pé Suva ló wà, Suva ló wà! Omi ti dé orúnkún bàbá rẹ kó tó gbọ́. Bó ṣe fà sẹ́yìn báyìí ni igi ńlá kan, tó gùn ju ọkọ̀ ojú omi wa lọ, gba ibi tó fẹ́ gbẹ́sẹ̀ sí kọjá.

Ìyá Márùn-ún ni wọ́n ń pè mí báyìí, ọmọdé àtàgbà. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ tí mo bá rántí igi yẹn, mo máa ń dìde lọ wo bóyá bàbá rẹ wà nílé. Òṣìṣẹ́ náà fẹ́ pa orúkọ rẹ rẹ́, mo ní kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, kó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé Suva lo wà. Ó ní tí omi bá wá kún ní Suva ńkọ́, ta ni yóò pe orúkọ rẹ níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí. Jọ̀ọ́, bí omi bá gorí ọ̀nà, bó jẹ́ kókósẹ̀ lásán ló mù, má gbà á kọjá, kódà kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ máa pè ọ́ ní ojo. Gun òkè, kí o pè mí.

Bá mi bẹ àǹtí rẹ kó fi dọ́là díẹ̀ ránṣẹ́, odò ti gbé ẹní wa lọ. Mo fi ìdì gbòǹgbò yaqona kan, èyí tí à ń gún pò mu, rán awakọ̀ bọ́ọ̀sì sí ọ. Wá ẹni tó kọ̀wé sí fóònù mi kàn, kí o fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì dáhùn títí di òní, bóyá ó ń bínú pé mo pẹ́ kí n tó gbéra. Sọ fún un pé a pé.

Omi kò ní mọ orúkọ rẹ. Níbi tí wọ́n bá ti ń pe alààyè, ìwọ ni yóò kọ́kọ́ jẹ́. Odò ò gbé ẹní tìrẹ o, òun ni mo gbé sórí gun òkè.

Èmi ni ìyá rẹ,
Makereta