Kíá Tó Ń Gbàgbé ní Gbogbo Àárọ̀

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Karùn-ún 2025

Mo ti so ó mọ́ ẹ̀rọ lónìí. Díìsìkì tuntun, kékeré, kò ju ìka mi méjì lọ. Mo sọ ọ́ ní Kíá. Àwọn díìsìkì ńlá mẹ́rin tó kó gbogbo àwòrán eegun àti àyà tí a ti yà ní ilé àyẹ̀wò yìí ní Sokoto láti ọdún mẹ́sàn-án, Àgbà ni mò ń pè wọ́n. Wọ́n mọ nǹkan púpọ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dìde lórí ìjókòó, aláìsàn ti sùn lọ. Iṣẹ́ Kíá ni kó dúró níwájú Àgbà, kó máa há àwọn àwòrán tí àwọn dókítà ń béèrè jù sórí, kó sì máa nà wọ́n fún dókítà lójú ẹsẹ̀.

Dókítà Hassan, ọ̀gá wa — Yànzu-yànzu ni mò ń pè é nínú ìwé yìí, torí yanzu, ìsinsìnyí lédè Hausa, ló ń fẹ́ ohun gbogbo — fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí àwòrán ò bá yára, òun á mú ọkùnrin kan wá láti Kàdúná, èmi á lọ jókòó níwájú, níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ aláìsàn. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jà kí n tó wọ yàrá ẹ̀rọ yẹn. Mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti pọ̀ jù. Ẹnu mi yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6

Ó ń falẹ̀. Kò burú. Kíá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kò tíì mọ ẹnì kankan.

Ọjọ́bọ̀, 8

Ní ìrọ̀lẹ́ àná ó ń sáré, mo ń kọrin lọ sílé. Àárọ̀ yìí, ibi tí a ti ń bọ̀ la tún padà sí. Àwòrán àyà màmá kan láti Wamakko, tí a ṣí lẹ́ẹ̀mẹta lánàá: ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀. Ládi tó ń ya àwòrán wò mí, ó wo ẹ̀rọ, ó ní, "Sannu da aiki." Ó ń kí mi kú iṣẹ́. Ìkíni kọ́ nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10

Mo tú u, mo tò ó. Kò yá.

Ọjọ́ Ajé, 12

Ooru ni mo di ẹ̀bi rù lónìí. Mo gbé fáànù kọjú sí Kíá, èmi fúnra mi ń làágùn. Mo pààrọ̀ wáyà. Mo pààrọ̀ ihò tí wáyà wọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, ó sáré, mo bá sọ fún Ládi pé wáyà ni, ó ti tán. Ǹ bá ti dákẹ́.

Bàbá Ádámù gbé fúrà wá fún mi mu. Àwọn ló ń ṣọ́ ilé àyẹ̀wò, yàrá ẹnu géètì ni wọ́n ń gbé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bíi bàbá mi, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ sì ni àwọn méjèèjì. Àwọn ni wọ́n bá mi bẹ Yànzu-yànzu tó fi gbà mí síṣẹ́. Wọ́n ní, "Mémúnà, ṣe sùúrù. Ẹ̀rọ náà ń rẹ̀ ẹ́ bíi tiwa." Sùúrù. Gbogbo ènìyàn ló ní sùúrù tí yóò fi ta mí lọ́rẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13

Wáyà kọ́.

Ọjọ́rú, 14

Mo pe ẹni tó tà á fún mi, mo ní ayédèrú ló kó fún mi. Ó búra, ó sì bú mi mọ́ ọn. Mo bá dán Kíá nìkan wò láìsí Àgbà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe ń sáré. Mo ní láti pe ọkùnrin náà padà, kí n tọrọ àforíjì. Ìyẹn dùn mí wọra.

Mo wá ń kà á. Nínú ọgọ́rùn-ún àwòrán tí wọ́n béèrè, mélòó ni Kíá fúnra rẹ̀ gbé jáde? Aago mẹ́jọ àárọ̀: méjì. Ọ̀sán: mọ́kànlélógójì. Aago mẹ́rin: àádọ́rin. Ṣé ẹ rí i — ta ni mò ń pè ní ẹ? — ọmọ náà ń kọ́ ẹ̀kọ́. Orí rẹ̀ pé.

Ọjọ́bọ̀, 15

Aago mẹ́jọ: méjì. Ó ti gbàgbé gbogbo rẹ̀. Gbogbo rẹ̀!

Wọ́n gbé ọkùnrin kan wá láti Kalambaina, òkúta ti já lu ẹsẹ̀ rẹ̀. Dókítà tó fẹ́ tún eegun náà ṣe fẹ́ rí àwòrán ẹsẹ̀ kan náà tí a yà lọ́dún tó kọjá. Ó dúró. A dúró. Ọkùnrin náà ń kérora. Yànzu-yànzu wọlé, ó wò mí lójú àlejò, ó ní, "Haba, Maimunah." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sàn kó bú mi. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ sunkún, mo bọ́jú, mo jáde.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀, 16

Mo ti ká a mọ́. Ẹ̀rọ náà ní ìwé tirẹ̀ tó ń kọ — ìgbà tó jí, ìgbà tó sùn. Èmi tí mò ń kọ ti ara mi lójoojúmọ́, mi ò ronú láti ka tirẹ̀. Ó wà níbẹ̀: lálaalẹ́, láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́jọ ààbọ̀, iná já mọ́ ọn lójijì. Kó tó di aago mẹ́fà ìdájí, ó tún ti tàn. Tí mo bá fi dé, ó ti ń ṣiṣẹ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fura? Kì í ṣe iná ìjọba ló ń lọ, bátìrì wà fún ìyẹn. Ọwọ́ ènìyàn ni. Bí iná bá sì já mọ́ Kíá bẹ́ẹ̀, kì í gbẹ́kẹ̀ lé ohun tó há sórí mọ́. Yóò dà á nù, yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti álífù.

Inú bí mi gidigidi. Mo lọ bá Yànzu-yànzu. Mo ní ẹnikẹ́ni tó bá ń pa ẹ̀rọ mi, kí wọ́n lé e lọ lọ́jọ́ tí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo kọ ọ́ ní Hausa, ó fọwọ́ sí i. Èmi fúnra mi ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Mo jẹun ọ̀sán yó, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17

Bàbá Ádámù ni.

Mi ò tilẹ̀ bi wọ́n. Ta ni yóò bi àgbà nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́, pẹ̀lú ẹ̀rín. Wọ́n ní àwa ọmọ ìsinsìnyí, a ò mọ̀ pé iná ń jó ilé. Wọ́n ní báwọn bá ti kírun Ìṣá tán, àwọn á ṣe bisimillah, àwọn á pa gbogbo iná ilé láti ìdí mítà, títí kan ti bátìrì. Báwọn bá kírun Àsùbáà tán, àwọn á tún tan án, "kí ẹ̀rọ rẹ lè ti jí kí o tó dé." Ṣọ́ọ̀bù aṣọ wọn ló jóná ní ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn, ẹnìkan gbàgbé áyọ́ọ̀nù sínú iná. Láti ọjọ́ náà, wọn kì í lè sùn níbi tí iná bá wà lára ògiri. Oore ni wọ́n ń ṣe mí.

Wọ́n wá nàka sí ìwé ara ògiri, wọ́n ní kí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìwé kéwú nìkan ni Bàbá ń kà. Mo ní wọ́n ní kí àwọn aláìsàn máa tò sórí ìlà. Mo parọ́ fún wọn.

Ọjọ́ Àìkú, 18

Bàbá Ádámù ló sọ̀ kalẹ̀ sínú sàréè, tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gba òkú bàbá mi. Mo ti ń rò ó láti àárọ̀. Wọn ò ní ilé mìíràn ní Sokoto ju yàrá ẹnu géètì yẹn lọ. Èmi ni mo kọ ìwé tí yóò lé wọn jáde, mo sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Ọjọ́ Ajé, 19

Mo lè tún Kíá tò lọ́nà mìíràn, ṣùgbọ́n bí iná bá ń já mọ́ Àgbà bẹ́ẹ̀ lálaalẹ́, lọ́jọ́ kan àwòrán á parẹ́ pátápátá. Kò sọ́nà àbùjá. Mo lọ bẹ Bàbá. Mo ní, ẹ máa pa gbogbo iná tó kù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti yàrá ẹ̀rọ sílẹ̀, alẹ́ ni ẹ̀rọ náà ń tún ẹ̀kọ́ rẹ̀ kà bí ọmọ kéwú. Mi ò sọ pé àwọn ló ń ba iṣẹ́ mi jẹ́. Wọ́n ní wáyà ló ń ba àwọn lẹ́rù. Mo tú gbogbo ihò iná yàrá náà lójú wọn, wọ́n fọwọ́ kan wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá ó gbóná. Wọ́n ní ó dáa, nítorí pé èmi ni.

Ọjọ́rú, 21

Aago mẹ́jọ àárọ̀: mẹ́tàlélọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Àwòrán ń jáde kí Ládi tó gbé ọwọ́ kúrò. Ládi pàtẹ́wọ́. Yànzu-yànzu rẹ́rìn-ín, mi ò tíì rí eyín rẹ̀ rí. Ó wá ní, "To, wane ne?" Ta ni? Ó ní òun ti fọwọ́ sí ìwé, òun kì í ṣe ọmọdé. Kí n mú orúkọ wá ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 22

Ẹ̀rọ yá. Èmi ni mi ò yá.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀, 23

Mo ní èmi ni. Mo ní mo ti pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà tipẹ́ kó máa pa ara rẹ̀ lálẹ́ nítorí ooru, mo sì gbàgbé. Yànzu-yànzu kò pariwo. Ó jáde, ó ya ìwé náà kúrò lára ògiri, ó ká a. Ó ní ohun tí ìwé wí ni kí òun lé mi, ṣùgbọ́n òun ò ní lé mi. Kí n kó kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ wá. Ọkùnrin Kàdúná yóò dé lọ́jọ́ Ajé. Èmi á máa kọ orúkọ aláìsàn.

Ó dùn mí. Mi ò ní díbọ́n nínú ìwé ara mi. Ọdún mẹ́fà.

Bàbá Ádámù ti gbọ́ kí n tó dé géètì. Inú wọn dùn. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n ti gbé ọ kúrò nínú yàrá tó ń gbóná yẹn? Àdúrà mi ló gbà. Níwájú yẹn, atẹ́gùn á máa fẹ́ sí ọ." Mo ní àmín. Wọ́n ní, "Ẹni tí wọ́n ní ó ń bọ̀ yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n. Ìwọ nìkan ni mo fi iná yàrá ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀ fún. Láti alẹ́ ọjọ́ Ajé, màá máa bá a pa iná rẹ̀."

Mo gbé báàgì mi sílẹ̀, mo ní kí Bàbá jókòó, kí n sọ ohun tí ìwé ara ògiri yẹn wí gan-an fún wọn.