Ohùn tí Màmá Gbọ́

Ọjọ́bọ̀, oṣù kẹta tí wọ́n ti bọ́dà pa. Ayétòrò.

Díẹ̀ ló kù kí ilé wa jóná lónìí.

Ẹ̀gbọ́n mi Ráṣídì ló fà á. Fépù ẹ̀, sìgá tó ń lo bátìrì yẹn, ṣájà rẹ̀ ti bàjẹ́, ọ̀nà Kútọnu tó ti rà á sì ti dí. Ó wá ń fi ṣájà fóònù ńlá ṣájì ẹ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí, kí Màmá má baà rí i.

Lọ́sàn-án, tí wọ́n mú iná dé, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣíííí ní yàrá.

Màmá pariwo, "Mùíbà, fi ejò ẹ sílẹ̀ o!" Ó rò pé èmi ni, torí mo máa ń sín ohùn ejò àti ti ènìyàn jẹ láti fi tàn án.

Ẹ̀yìn ẹ̀ gan-an ni mo dúró sí.

Ó yíjú, ó rí mi. Ó ní a jẹ́ pé ejò gidi ni, ló bá gbé ìgò kẹrosíìnì tó fi ń lé ejò, ó wọlé.

"Màmá, bátìrì ni! Á gbiná!"

"Ẹlẹ́tàn, o tún ti dé."

Ìrọ̀rí ti ń rú èéfín, Màmá sì ti ń ṣí ìgò. Ni mo bá fi ohùn Bàbá sọ̀rọ̀, Bàbá tí a sin lọ́dún tó kọjá, ohùn tí n kò sín jẹ rí: "Ìyá Ráṣídì, gbé e sílẹ̀!"

Ó gbé e sílẹ̀ wẹ́rẹ́. Mo fa ṣájà yọ, mo fi igi wọ́ ìrọ̀rí síta, ibẹ̀ ló ti gbiná. A da iyẹ̀pẹ̀ bò ó.

Ráṣídì ti búra pé òun ò ní ṣájì nǹkan kan lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́.

Lẹ́yìn Màgíríbì, Màmá ní kí n tún fi ohùn Bàbá sọ̀rọ̀. Mo la ẹnu, ohùn tèmi ló jáde.

Ó ní, "Mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ lo sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án."