Ewúrẹ́ Tí Wọ́n Fi Rúlà Yà

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù Èbìbí 2025

Mo ti dé iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n rán mi lọ fún tíìpì, ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni màá fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta níṣẹ́ ọnà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìyìn. Mi ò mọ ẹnikẹ́ni ní Adó-Èkìtì. Bí mo bá kí èèyàn, wọ́n á ní, "Ará Ọ̀yọ́, ẹ káàbọ̀." Ṣakí ni mo ti wá, àmọ́ ó rẹ̀ mí láti máa ṣàlàyé.

Ìyáàfin Ajíbádé ló ni kíláàsì náà. Ó ga, rúlà onígi ló sì fi ń nàka sí gbogbo nǹkan. Ìyá Rúlà ni màá máa pè é níbí. Ó ní kí n kí àwọn ọmọ. Mo kí wọn. Ohùn mi ò dé ìlà kejì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6

Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ lónìí àfi ìyá tó ta ẹ̀wà fún mi.

Ọjọ́bọ̀, 8

Mo ti rí bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán níbí. Ìyá Rúlà ya ewúrẹ́ sójú pátákó. Rúlà ló fi yà á – ẹ̀yìn gbọọrọ, ẹsẹ̀ mẹ́rin gbọọrọ, bíi bẹ́ǹṣì tó hùwo. Àwọn ọmọ náà yọ rúlà tiwọn. Gbogbo ewúrẹ́ wá rí bákan náà. Ẹni tí tiẹ̀ bá jọ ti pátákó jù ló ń gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Oore-ọ̀fẹ́ ló gbà á. Òun náà ló máa ń gbà á. Ọmọbìnrin kan báyìí, ó mọ́ tónítóní, pẹ́ńsù rẹ̀ ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́.

Ewúrẹ́ gidi kan ń jẹko lábẹ́ fèrèsé ní gbogbo àsìkò yẹn. Kò sẹ́ni tó wò ó.

Ọjọ́ Ẹtì, 9

Ó kàn mí. Mo kó gbogbo rúlà sínú páálí. Mo ní kí wọ́n ya ohun tí wọ́n rí lójú ọ̀nà láàárọ̀.

Wọ́n ń wò mí ṣáá. Mùstàfá, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀, béèrè pé, "Àǹtí, èwo lẹ máa yà ká wò?"

Mo ní mi ò ní ya nǹkan kan.

"Kí la wá fẹ́ máa wò?"

Díẹ̀díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kadà. Adìyẹ. Ulé – báyìí làwọn ọmọ ibí ṣe ń pe ilé, mo fẹ́ràn rẹ̀. Pépà Oore-ọ̀fẹ́ nìkan ló ṣófo, omijé sì ti kán sí i. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Tí kò bá jọ ọ́ ńkọ́?"

Mo ní kó jọ kí ni. Ó nàka sí pátákó tó ṣófo. Mo mọ ẹ̀rù yẹn. Èmi náà ti ń gbé e kiri láti kékeré.

Ọjọ́ Àìkú, 11

Gbogbo ará ilé tí mo wọ̀ sí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi nìkan àti àwọn adìyẹ. Mo rìn lọ sí pápá iléèwé. Igi tíìkì ló yí i ká. Mo já ewé rẹ̀ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, mo fọwọ́ ra á – ọwọ́ mi pupa bí ẹ̀jẹ̀. Mo dá rẹ́rìn-ín níbẹ̀ bí aṣiwèrè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13

Kò sí kíréyọ́ọ̀nù níléèwé, àmọ́ tíìkì wà fún pupa, èédú fún dúdú, búlúù ìfọṣọ fún ojú ọ̀run. Irú ariwo wo nìyí. Mùstàfá kun ewúrẹ́ rẹ̀ ní pupa látorí dé ìrù.

Ọmọ́níyì tó jókòó tì í ní, "Ewúrẹ́ wo ló pupa?"

"Èyí tí bàbá mi fẹ́ pa ni."

Oore-ọ̀fẹ́ ń po àwọ̀ fún gbogbo èèyàn. Òun fúnra rẹ̀ ò kun nǹkan kan.

Ọjọ́rú, 14

Ìyá Mùstàfá, tó ń ta ike lágbègbè Fájuyì, wá. Ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì funfun ọmọ rẹ̀ sókè bí àsíá. "Ta ni Àǹtí Tíìkì?"

Ó wù mí kí ògiri gbé mi mì.

"Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi bílíìṣì fọ̀ ọ́. Ẹ wò ó."

Mo bẹ̀ ẹ́. Kò gbọ́. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó na etí sí mi: "Ẹ sọ̀rọ̀ sókè, jàre." Mo bá pariwo, "Ẹ jọ̀ọ́, mà," tó fi jẹ́ pé kíláàsì kejì gbọ́. Gbogbo ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín.

"Mùstàfá ò jẹ́ ká gbádùn lánàá. Kò sí ewé àdúgbò tí kò fọwọ́ ra wò. Ẹ máa kọ́ wọn lọ. Àmọ́ ẹ bá mi bo aṣọ yẹn."

Ọjọ́bọ̀, 15

Ṣẹ́ẹ̀tì àtijọ́ àwọn bàbá wọn, wọ́n wọ̀ ọ́ kọ ẹ̀yìn síwájú bo yunifọ́ọ̀mù wọn. Ti Ọmọ́níyì ń gbálẹ̀. Wọ́n dà bí ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù kéékèèké. Ìyá Rúlà kọjú sí fèrèsé. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì.

Ọjọ́ Ajé, 19

Dókítà Ọlálérè, ọ̀kan lára àwọn olùkọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ láti wá wo bí mo ṣe ń kọ́ wọn. Fìdírẹmi là ń pè é lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá Rúlà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọmọ mi, gbọ́. Ọkùnrin yìí fẹ́ kíláàsì tó dákẹ́, àwòrán tó jọra. Ya ife kan sójú pátákó, kó àwọn rúlà yẹn jáde, gba máàkì rẹ, máa lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì ló fìdí rẹmi lọ́wọ́ rẹ̀ níbí lọ́dún tó kọjá."

Àánú mi ló ń ṣe é, mo mọ̀. Bí mo bá sì fìdí rẹmi, mo máa tún ọdún yìí ṣe látòkèdélẹ̀.

Ọjọ́rú, 21

Mo ti fi ife yẹn dánra wò. Ó gún régé. Mo kórìíra rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 22

Òjò rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn ọmọ wọlé pẹ̀lú ẹrọ̀fọ̀ lẹ́sẹ̀, wọ́n kóra jọ sójú fèrèsé, wọ́n ń wo àwọn tó ń gba géètì wọlé. Mo ní kí wọ́n jókòó. Mo mú ṣọ́ọ̀kì. Mo ya ife.

Mùstàfá ní, "Àǹtí, ṣé ara yín ò yá ni?"

Mo wo ife náà. Mo nù ún kúrò. Ibi tí mo ti ń nù ún ni Dókítà ti wọlé, ó jókòó sẹ́yìn. Mo ní kí wọ́n ya ohun tí wọ́n rí láàárọ̀ yìí. Ariwo sọ. Dókítà dìde, ó ń lọ láti bẹ́ǹṣì dé bẹ́ǹṣì. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Oore-ọ̀fẹ́.

Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ọmọ náà ti ń ya nǹkan. Ọkùnrin kan tó gbé fáìlì lérí, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè lórí ọ̀gbàrá.

"Ta nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Ìyá Rúlà di ojú.

"Ọwọ́ mi kejì dà?"

"Ẹ fi di ṣòkòtò yín mú, sà. Torí ẹrọ̀fọ̀."

"Ikùn mi wá tóbi tó báyìí?"

Oore-ọ̀fẹ́ gbójú sókè, ó wo ikùn náà dáadáa, kò kánjú. "Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, sà. Pépà ni kò gbà á."

Dókítà jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ, ó rẹ́rìn-ín títí bẹ́ǹṣì fi ń dún. Ó nu ojú. Ó ní mo ti yege, ká má dààmú ara wa mọ́. Ó wá nawọ́ sí àwòrán náà, ó ní òun fẹ́ mú un lọ fi han ìyàwó òun.

Oore-ọ̀fẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì bò ó.

"Mi ò tíì yà á tán, sà."