Bébà Kérésìmesì Tó Ń Ya Lára Ògiri

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọyẹ́, ẹ sì kú ọdún tuntun. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Èkó níbí. Kí Bùnmi tó ń ka ìwé yìí sí yín létí bá mi kúnlẹ̀ díẹ̀ kó tó máa kà á lọ. Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà, ẹ sọ fún wọn pé n kò gbàgbé oògùn ẹsẹ̀ wọn. Ẹ kí Bọ̀dá Délé nígbà tí wọ́n bá ti Ìlọrin wálé. Mo mọ̀ pé ẹ wo ọ̀nà fún mi lọ́jọ́ Kérésìmesì títí ilẹ̀ fi ṣú. Nǹkan kan ló ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ mi, mo sì fẹ́ rò ó fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ̀bẹ̀ kan wà nídìí rẹ̀. Mo ti fi ẹ̀dà ìwé yìí ránṣẹ́ sí àwọn oníwèé ìròyìn pẹ̀lú, torí ẹ̀yin nìkan kọ́ ni ìyá tó yẹ kó gbọ́ ọ.

Ẹ rántí pé mo ti sọ fún yín pé inú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan ni ilé ìwé wa wà, ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Ọmọ Àgùdà ni ọ̀gá wa, ìyá àgbàlagbà tí gbogbo wa ń pè ní Màmá. Bàbá bàbá wọn ló kọ́ ilé náà nígbà tó ti Bùràsíìlì dé. Òkè ni kíláàsì mi wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn tí a ti ń ṣe àpéjọ. Yàrá tí mo ń gbé kò jìnnà síbẹ̀. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, èmi àti rédíò mi ni. Èèyàn kún Èkó, Ìyá mi, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó pe orúkọ tí ẹ sọ mí.

Nígbà tí oṣù Kejìlá wọlé, mo rò ó pé kí n fi Kérésìmesì kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, torí pé a kò ní ohun èlò kankan. Ìwé kan ṣoṣo ni èmi àti gbogbo kíláàsì jọ ń lò. A fi gílóòbù tọ́ọ̀ṣì àti bátìrì ṣe ìràwọ̀ tó ń tàn. A so òkúta mọ́ òwú, a ń ka iye ìgbà tó ń fì lọ fì bọ̀. Lẹ́yìn náà, a gé bébà pupa àti aláwọ̀ ewé ní tẹ́ẹ́rẹ́, a fi gbágùúdá se àtè bí ẹni se ẹ̀kọ, a sì lẹ̀ ẹ́ yí kíláàsì po. Ibì kan wà tí ògiri ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀, tínrín bí irun orí. Èmi náà ni mo ní kí wọ́n lẹ bébà bò ó, kó má bàa bu ẹwà iṣẹ́ wa kù.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bébà mẹ́ta ti ya ní àárín, bíi pé ẹnì kan fi bíléèdì là wọ́n. Mo bi àwọn ọmọ, wọ́n ní àwọn kò mọ̀. A lẹ òmíràn. Ó tún ya. Ọmọbìnrin kan wà tó ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, Mọ̀rílíátù, ọmọ bíríkìlà kan tó ti Ọ̀yọ́ wá. Mo ní òun ló ń ya á. Ó ní òun kọ́. Inú bí mi, mo ní kó lọ kúnlẹ̀, kó dojú kọ ògiri náà, kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Kò sunkún. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó pè mí jẹ́ẹ́jẹ́, ó ní, "Tíṣà, ògiri yìí ń jẹun."

Mo rò pé yẹ̀yẹ́ ló ń fi mí ṣe. Mo súnmọ́ ọn kí n lè bá a wí, mo sì gbọ́ ọ. Nǹkan ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú ògiri náà, bí ìgbà tí eku bá ń họ àpótí. Iyẹ̀pẹ̀ ti dà sórí ẹsẹ̀ ọmọ náà. Mo gbé e dìde, mo sì bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo kíláàsì. Wọ́n ń wo ògiri náà bíi pé wọ́n ti mọ ohun tí èmi kò tíì mọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni eré Kérésìmesì wa ti yí padà. A fi pẹ́ńsù fa ìlà méjì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì ibi tó là, a ń fi rúlà wọn àárín wọn láràárọ̀, a sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ń fẹ̀ sí i. A ta òwú tó ní òkúta nídìí láti òkè ògiri. Òwú náà kan ògiri lókè, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ Mọ̀rílíátù wọ àárín wọn. Àwọn ọmọ fúnra wọn ló sọ ìtumọ̀ rẹ̀: ògiri náà ń tẹ̀ bọ̀ wá bá wa. Wọn kì í pariwo mọ́ bí wọ́n bá ń gun àtẹ̀gùn, bẹ́ẹ̀ èmi kọ́ ni mo kìlọ̀ fún wọn.

Mo mú ìwé tí a kọ ìwọ̀n náà sí lọ bá Màmá. Wọ́n ní ògiri àwọn ti rí òjò kí wọ́n tó bí bàbá mi, pé ọyẹ́ ló ń gbẹ àtè, tó ń fa bébà ya. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yí mi lọ́kàn padà, torí ọyẹ́ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Mo padà lọ fi àtè kan náà lẹ bébà mẹ́wàá mọ́ ògiri kejì tí kò là. Nígbà tó di àárọ̀, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wà bí mo ṣe lẹ̀ wọ́n. Ti ojú ibi tó là ti já sí méjì. Mo tún lọ sọ fún Màmá. Wọ́n ní òkè ni a ó ti kọ orin Kérésìmesì bí a ti ń ṣe lọ́dọọdún, àti pé bí mo bá lanu sọ ọ́ síta, kí n yáa wá iṣẹ́ míràn.

Ẹ̀rù bà mí, mo panu mọ́. Mọ̀rílíátù ni kò panu mọ́. Bàbá rẹ̀ wá pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó fi okùn tirẹ̀ wọn ògiri, ó fi ìka kàn án, ó tẹ́tí sílẹ̀. Ó bi mí pé èèyàn mélòó ló máa ń wà lókè lọ́jọ́ orin. Mo ní gbogbo ọmọ ilé ìwé àti òbí wọn. Ó ká okùn rẹ̀, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó sọ̀ kalẹ̀. Kò sí òbí tó pàdé lẹ́nu géètì tí kò sọ fún.

Lọ́jọ́ orin náà, àwọn òbí dúró sí àgbàlá, wọ́n ní àwọn kò gòkè. Màmá dúró lójú fèrèsé lókè, wọ́n ń fi orúkọ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó mira. Nígbà tó pẹ́, Màmá fúnra wọn gbé àga wọn sọ̀ kalẹ̀. Inú oòrùn ni àwọn ọmọ ti kọrin. Ìràwọ̀ wa kò tilẹ̀ hàn pé ó ń tàn. N kò lè wo ẹni tó ń kọrin. Òkè ni mo ń wò. Ògiri náà kò ṣe nǹkan kan. Bàbá ọmọ kan rẹ́rìn-ín, ó bi mí bóyá tíṣà ti ń ríran báyìí. Kí n tó kúrò níbẹ̀, Màmá fún mi ní ìwé pé kí n má padà wá ní oṣù Kìíní.

Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí n kò fi wálé. Ojú tì mí láti wá sọ fún yín pé wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Mo dá nìkan jẹ ẹ̀bà lọ́jọ́ Kérésìmesì.

Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, nígbà tí wọ́n ń pe ìrun Àsárì, mo gbọ́ ohùn kan bíi ti ọkọ̀ tó ń da yanrìn sílẹ̀. Eruku gbòde títí tí a kò fi rí òrùlé iwájú wa. Mo sáré. Gbọ̀ngàn òkè ti wó lu kíláàsì mi, méjèèjì sì ti wó kan ilẹ̀. Màmá wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti gòkè lọ kó ìwé orin. Bàbá Mọ̀rílíátù àti àwọn ọkùnrin àdúgbò fi ọwọ́ lásán wú wọn jáde kí oòrùn tó wọ̀. Ẹsẹ̀ wọn kán, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ń bẹ. Nígbà tí mo lọ wò wọ́n ní ọsibítù, wọ́n bi mí pé, "Ọmọ mélòó ni ì bá wà níbẹ̀?" Mo di ọwọ́ wọn mú.

Ká ní ó parí síbẹ̀, ǹ bá ti wálé. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kíláàsì mi ti lọ ń lẹ bébà mọ́ ògiri ilé tiwọn, láìsí ẹni tó rán wọn. Wọ́n ń mú èyí tó ya wá bá mi, wọ́n á ti kọ orúkọ àdúgbò sí i. Mo ti lọ bá onílé mẹ́ta. Ọ̀kan lé mi jáde. Ọ̀kan ní Ọlọ́run kò sùn. Ìkẹta kò sí ní Nàìjíríà.

Níjẹta, Mọ̀rílíátù mú tiwọn wá. Yàrá kan ni òun, àwọn òbí rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ méjì ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Mo tẹ̀ lé e lọ. Bàbá rẹ̀ ti fi pákó ti ògiri náà lẹ́yìn. Ó ní láti ìgbà òjò ni òun ti mọ̀. Mo ní kí ló dé tí wọn kò kó jáde. Ó wò mí, kò bínú, ó ní, "Tíṣà, ẹ sọ ibi tí a máa kó lọ fún mi." Ó ní ẹ̀gbẹ́ ògiri ni òun ń sùn sí. Ẹnu ọ̀nà ni ó ń tẹ́ ẹní àwọn ọmọ sí.

Ìyá mi, ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Yàrá Bọ̀dá Délé ṣófo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gba àwọn ọmọ mẹ́ta yìí títí òbí wọn yóò fi rí ibòmíràn. Wọ́n ń kírun. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bá ará iwájú ilé lọ sí mọ́ṣáláṣí. Gbogbo ọjọ́ kan ni bàbá wọn fi rò ó kó tó gbà. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí: irú èèyàn wo ni ìyá mi. Mo ní ẹ kì í bi ọmọ léèrè ilé tó ti wá kí ẹ tó bu oúnjẹ fún un. Ọjọ́ Sátidé ni a ń bọ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́, kí Bùnmi ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ awakọ̀ tó ń ti Ìlá, ìlú wa, wá sí Èkó. Bí n kò bá gbọ́ nǹkan kan, n ó kó wọn bọ̀. Èmi yóò padà sí Èkó lọ́jọ́ kejì, nítorí àwọn onílé tó kù.

Kí Ọlọ́run fi ọwọ́ rẹ̀ di òpó ilé wa mú, kó sì dá ẹ̀mí yín sí títí ẹ ó fi jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà nínú agbolé, ẹni tó bi yín nípa mi àti ẹni tí kò bi yín.

Èmi ni, ọmọ yín tó ń wo ọ̀nà Sátidé,
Àyọ̀ká